Àpótí Ẹnu Ọ̀nà Káńsù

Káńsù 774 ni ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kà sílẹ̀. Ìwé yìí kan náà ló to iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, odò ẹran, itẹ́ òkú, títí dórí ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn wọn!

Ní ìlú kékeré kan tí mo mọ̀, wọ́n gbé àpótí onígi sí ẹnu ọ̀nà káńsù, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé: "Ẹ bá wa sọ̀rọ̀." Inú wa dùn. A kọ̀wé nípa gọ́tà tó dí, a kọ̀wé nípa ọ̀nà ọjà. Ọdún yípo, èsì ò dé. Mo bá tọ akọ̀wé lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kọ́kọ́rọ́ àpótí yìí?"

Ó họrí. "Alága àná ló mú un lọ o."

Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 7 péré ni òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 fún ọ́fíìsì ìjọba láti dá ẹni tó béèrè ìròyìn lóhùn. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tún pàṣẹ pé kí owó káńsù máa lọ bá wọn tààrà. Lórí ìwé, owó ti wá rí ọ̀nà tààrà. Èsì lẹ́tà wa ni kò tíì rí.

Ẹ̀yin alága, ẹ dákun, ẹ já àgádágodo yẹn. Bí ẹ bá bá alángbá nínú rẹ̀, ẹ kí i dáadáa: ó ti pẹ́ tó ti ń retí yín.