Kókósẹ̀ Bàbá Rìsí Télọ̀

Ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ o. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní afẹ́fẹ́ ló gbé e wá. Ṣùgbọ́n ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra kẹ́ ẹ jókòó, torí ọ̀rọ̀ kókósẹ̀ Bàbá Rìsí kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-gbọ́-lórí-ìdúró.

Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn láńlọ́ọ̀dù àdúgbò wa àti àwa ayálégbé gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta? Wọ́n ní ìfẹ́ ló fà á. Ìfẹ́ wo? Owó iná ni wọ́n ṣì ń bá ara wọn jà lé lórí. Bàbá Rìsí ò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù mọ́ láti ìgbà tí Rìsí ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, Rìsí sì ti di ìyá ọlọ́mọ méjì. Bàtà tó wọ̀ wá, ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni. Kò sáré yí pápá ká, kò na iṣan kankan. Ìdí máṣíìnì ló ti dìde, ó bọ́ sórí pápá, ó ní kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù wá. FIFA fúnra wọn ní eré ìmúra kan tó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, torí kí agbábọ́ọ̀lù má baà fara pa ni wọ́n ṣe ṣe é. Tiwa, àdúrà la fi bẹ̀rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù ò tíì yí lọ yí bọ̀ dáadáa. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, ẹ gbọ́ o, torí ìyàwó ẹ̀ ń sọ káàkiri pé ọmọ láńlọ́ọ̀dù ló gbá a lẹ́sẹ̀. Irọ́ ni. Ẹni tó ń ta dòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ni Bàbá Rìsí bojú wẹ̀yìn wò, mi ò ní dárúkọ. Ẹsẹ̀ bọ́ sí kòtò, àtẹ́lẹsẹ̀ yí sínú, gbogbo ara sì jókòó lé e. Ó dún kọ́ọ́! Àwa tá a wà lábẹ́ igi gbọ́ ọ.

Ọmọ láńlọ́ọ̀dù ọ̀hún, ẹ jẹ́ n kúkú sọ tiẹ̀. Ìbòjú dúdú ló wọ̀ wá bíi ti Osimhen agbábọ́ọ̀lù. Ti Osimhen, a mọ ohun tó fà á: ní oṣù kọkànlá 2021, òun àti Skriniar ti Inter forí sọ ara wọn, eegun ojú rẹ̀ fọ́, wọ́n ní láti fi irin tò ó pọ̀. Ìbòjú tó ń dáàbò bo ojú náà ló wọ̀ tó fi gbá bọ́ọ̀lù 26 sáwọ̀n nínú líìgì Ítálì ní sáà 2022 sí 2023, tí Napoli tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà náà fi gba ife. Ti ọmọ láńlọ́ọ̀dù ńkọ́? Ìrorẹ́ ló ń bò.

Ibo la dé? Ẹ̀n-ẹ́n. Kí Bàbá Rìsí tó pariwo tán, ọwọ́ ti kún orí ẹsẹ̀ náà. Ìyá Alágbo gbé omi gbígbóná dé, ẹnìkan ń fi Robb ra á, Bàbá Mẹkáníìkì ní kí wọ́n da ògógóró sí i, kí òun wá fa gìgísẹ̀ yẹn pẹ́rẹ́, pé eegun ló yẹ̀. Ẹsẹ̀ ń wú, wọ́n ń wọ́ ọ. Ó ń wú sí i, wọ́n ń wọ́ ọ sí i. Lójú tèmi o, ọwọ́ wọn ṣe é lọ́ṣẹ́ ju kòtò lọ.

Nọ́ọ̀sì tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ló lé wọn, èyí tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ó gbéraga torí kì í yá èèyàn níyọ̀. Ó ní iṣan tó so eegun mọ́ eegun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta kókósẹ̀ ló nà jù tàbí tó ya, pé ẹ̀jẹ̀ àti omi tó ń dà síbẹ̀ là ń rí tó ń wú. Omi gbígbóná, ọtí àti wíwọ́ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ṣe ni wọ́n ń ṣí ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ náà. Ó wá fìka tẹ etí ẹ̀yìn eegun kókósẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin fún mi.” Ó ní ìlànà àwọn dókítà Ottawa ní Kánádà nìyẹn, láti 1992: bí eegun ibẹ̀ bá ń dunni nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, tàbí tí èèyàn ò lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, kó lọ ya fọ́tò eegun. Dídún tó dún kọ́ọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé eegun ṣẹ́. Bàbá Rìsí tiro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi èébú kan lé ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìjà tó tẹ̀ lé e, orí píọ̀ wọ́tà ló ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n mú èyí tó ti dì wá, kí wọ́n fi aṣọ wé e, kó má kan awọ ara, kó má sì kọjá ìṣẹ́jú 20. Ọmọ Ìyá Bíọ́dún tó wà ní yunifásítì wá da ọ̀rọ̀ rú: ó ní Mirkin, dókítà ará Amẹ́ríkà tó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1978 pé kí wọ́n máa fi yìnyín sí i, òun náà ló padà sọ pé yìnyín lè fa ìwòsàn sẹ́yìn. Ẹ wo ariwo! Nọ́ọ̀sì ní òótọ́ ni, torí náà kì í ṣe kéèyàn máa gbé yìnyín lé e láràárọ̀ lálaalẹ́. Ìrora ló wà fún, níbẹ̀rẹ̀. Ó wé báńdéèjì láti ìdí ọmọ ìka wá sókè, ó sì fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ náà ga ju àyà lọ.

Bàbá Mẹkáníìkì ò gbà. Ó ní àfi teegunteegun. Mi ò bú wọn o, àwọn kan mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì ti ṣiṣẹ́ ní Ìgbóbì, ilé ìwòsàn eegun tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ lógun. Ó ní ọmọdé tí wọ́n fi ọparun di apá rẹ̀ pinpin, tí ẹ̀jẹ̀ ò lọ mọ́, apá dúdú ni wọ́n ń gbé wá, gígé ló sì ń gbẹ̀yìn ẹ̀. Bí ìka bá ti tutù, tó kú tipiri, tó ń yí àwọ̀, ẹ tú u kíákíá. Báńdéèjì náà ńkọ́? Bákan náà ni.

(Láńlọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀, pajápajá ló gbé e ṣubú. Ọmọdé kan ló fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè sọ́nà ojúgun, ó tú. Kò tíì dín owó ilé.)

Láti ọjọ́ kẹta ni Nọ́ọ̀sì ti ní kí Bàbá Rìsí máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ a, b, d lófurufú kí kókósẹ̀ má baà le. Ní báyìí, bó bá ń rún pákò, ẹsẹ̀ kan ló ń dúró lé, torí ẹsẹ̀ tó bá ti rọ́ rí, kíá ló ń tún rọ́ bí a ò bá kọ́ ọ ní ìdúró. Ìyàwó ẹ̀ ní ijó ló ń jó fún olódòdò.

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ télọ̀. Iná ìjọba, ìyá tó ti kú lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ oníbàárà. Àkọ́kọ́ rèé tí ẹ̀rí máa wà lára télọ̀ fúnra ẹ̀. Bàbá Rìsí na ẹsẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí gbogbo ayé rí i. Ìyá Àjọkẹ́ dé, aṣọ ẹbí ló wá gbà. “Ẹ wo ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ máṣíìnì, màámi.” Àánú ṣe obìnrin náà, ó ki owó ọsàn bọ abẹ́ ìrọ̀rí fún un. Bó ṣe fẹ́ jáde ló rí náílọ́ọ̀nù aṣọ ẹ̀ lórí pẹpẹ, bó ṣe dì í wá lóṣù tó kọjá, ẹnikẹ́ni ò tú u. Ó padà, ó fa owó ẹ̀ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí.

“Bàbá Rìsí, ṣé ẹsẹ̀ yìí náà lẹ fi ń gé aṣọ ni?”