Bàbá Ọdẹ àti Kìnnìún Ìbàdàn

Ẹ sún mọ́ ibí jàre, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é pariwo. Ẹ mọ Bàbá Ọdẹ wa, àbí? Bàbá tó ti ń sọ fún gbogbo ìlú Ìrèsì láti kékeré wa pé òun bá kìnnìún pàdé nínú igbó ẹ̀yìnkùlé yìí! Ó dáa. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn ló ránṣẹ́ pé kí Bàbá àti Ìyá, ìyàwó rẹ̀, mú ọmọ-ọmọ wọn wá, kí àwọn jọ lọ wo ẹranko ní yunifásítì.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti Ìyá ná. Obìnrin yẹn ò gbà pé oúnjẹ wà níbòmíràn láyé. Níbi ìgbéyàwó tá a lọ lọ́jọ́sí, ṣebí àmàlà ló yọ nínú báàgì nígbà tí wọ́n ń pín ìrẹsì! Lọ́tẹ̀ yìí, mọ́ínmọ́ín ló dì, òórùn rẹ̀ sì bá gbogbo èrò mọ́tò dé Òṣogbo. Bàbá ní tirẹ̀ wọ gbérí ọdẹ. Ìyá ní, "Baálé mi, ẹ bọ́ aṣọ yìí." Bàbá ní ẹranko gbọ́dọ̀ mọ irú ẹni tó ń bọ̀.

Ọgbà ẹranko yunifásítì yẹn ti pẹ́ o. Ọdún 1948 tí yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ẹranko jọ síbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. 1974 ló wá di ọgbà ńlá. Àbí ta ló gbàgbé Aruna àti Imade, àwọn ìnàkí méjì tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń ròyìn délé nígbà kan rí, tí wọn ò sì ní rántí ohun tí tíṣà ní kí wọ́n kọ sílẹ̀?

Níbo ni mo sọ̀rọ̀ dé? Ẹ̀hẹ́n, kìnnìún. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, oorun ló ń sùn ní tiẹ̀! Ọmọ ní, "Bàbá àgbà, ẹ ní kó dìde." Bàbá húkọ́. Kìnnìún ò mira. Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ẹranko ní ó lè sùn tó ogún wákàtí lójúmọ́. Ibi tí ì bá ti dákẹ́ nìyẹn, ó tún fi kún un pé ilẹ̀ ọ̀dàn ni kìnnìún ń gbé, kì í ṣe igbó kìjikìji. Ní Nàìjíríà lónìí, Yankari àti Kainji la ti ń rí i.

Ẹ ò rí ọmọ yẹn! Ó wo bàbá àgbà láti fìlà dé bàtà. "Èyí tẹ́ ẹ rí lẹ́yìn ilé wa ńkọ́?"

Bàbá ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. "Àlejò nìyẹn."

"Àlejò báwo, Bàbá?"

"Ó ṣìnà ni. Èmi gan-an ni mo júwe ọ̀nà Kainji fún un."

Ìyá bá tú báàgì, ó na mọ́ínmọ́ín kan sí ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ẹranko náà. "Ọmọ mi, jókòó kó o jẹun. Èyí tó kù ò ṣe é fi ebi gbọ́."