Láptọ́ọ̀pù Ọmọ Ìyá Elélùbọ́

Ẹ sún mọ́bí díẹ̀, kí ará ojúlé kejì má baà gbọ́. Mo mọ̀ pé ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo da ọbẹ̀ yìí. Ìyá Elélùbọ́ ló máa ń gbé fóònù sí gbangba bó bá ń bá àbúrò rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn fèrèsé mi sì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa jù ní gbogbo agbo ilé wa. Ṣé kí n wá fi òwú dí etí nínú yàrá ara mi ni?

Àbúrò yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló kó léèsì aláwọ̀ ewé wálé nígbà ìnáwó bàbá wọn, tó ní á kárí gbogbo ìyàwó ilé, tó wá tán sọ́rùn àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Ní 2024 ló ní òun fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù fún ọmọ ẹ̀gbọ́n òun. Kì í ṣe tòkunbọ̀ irú èyí tí wọ́n ń tò sórí tábìlì ní Queen Cinema o. Tuntun ni. Ó ní lọ́dọ̀ tàwọn, oníbàárà lè jókòó sílé kó máa yan ẹ̀yà inú ẹ̀rọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ bíi Clevo ní Taiwan á ṣe ara ẹ̀rọ náà lófìfo, ẹni tó ń tà á nílùú òyìnbó á wá kó ohun tí èèyàn bá yàn sí i nínú. Ó dá iye owó kan, ó ní òun ò ní fi kọ́bọ̀ lé e. Kí ọmọ kọ ohun tó fẹ́ ránṣẹ́.

Ọmọ ní iṣẹ́ àwòrán tó ń rìn lòun fẹ́ fi ṣe. Ẹ gbọ́ o! Ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán lọ gba owó èlùbọ́ l'Ọ́jà'ba, tó yà sílé géèmù ní Bẹẹrẹ, tí wọ́n fi ń wá a títí wọ́n fi kí ìrun alẹ́ tán. Bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ ló fẹ́ gbá! Àmọ́ irọ́ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí ẹ̀rọ tó bá lè gbé géèmù ńlá, á gbé iṣẹ́ àwòrán pẹ̀lú.

Ìwé tó kọ́kọ́ kọ, mo rí i. Ó gbàgbé rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì ọ̀jọ̀jọ̀ mi ni, kíká ló sì wà, mo kàn tú u kó lè fẹ́ atẹ́gùn. RAM, ìyẹn ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́, 64 gígábáìtì. SSD, ìyẹn ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí, méjì, téràbáìtì méjì-méjì. Bọ́tìnnì tí iná pupa àti iná búlúù ń ṣẹ́jú lábẹ́ rẹ̀. Kí owó lè tó gbogbo ìyẹn, ó wá mú GPU tó kéré jù. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀, GPU ló ń ya gbogbo ohun tójú ń rí nínú géèmù, títí kan koríko pápá àti òógùn ara agbábọ́ọ̀lù. Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù gan-an ló ti lọ ṣahun.

Injiníà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lójú ọ̀nà Bẹyẹrunka ló gbà á sílẹ̀. (Injiníà yìí náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nílẹ̀, òun àti ọmọ alágbo, ẹ rán mi létí.) Ó ní, "Àbúrò, RAM 16 gígábáìtì ti tó fi bẹ̀rẹ̀. Kó jẹ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ, nítorí méjì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ yá ju ẹyọ kan lọ. SSD téràbáìtì kan. Gbogbo owó tó bá ṣẹ́ kù, dà á sórí GPU. Ìyẹn, òjé ni wọ́n fi jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Bó bá kéré, bó ṣe máa kéré títí ayé nìyẹn. RAM àti SSD, ìgbàkígbà lo lè pààrọ̀ wọn."

Ọmọ ní òun ti gbọ́ pé àwọn kan ń jẹ́ Framework l'Amẹ́ríkà, pé GPU tiwọn ṣeé yọ. Injiníà ní lóòótọ́ ni, láti 2024 ni wọ́n ti ń ta irú ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a wá GPU wọn l'Ọ́jà'ba? Ó wá nawọ́ sí orí òkè. Ó ní, "Wo gbọ̀ngàn Mápó. Láti 1929 ló ti wà níbẹ̀. Wọ́n ti kùn ún, wọ́n ti tún inú rẹ̀ ṣe, òpó ìgbà náà ló ṣì gbé e ró. Ohun tí o ò lè padà wá yọ ni kí o kọ́kọ́ fi owó gidi ṣe."

Àṣé orúkọ GPU gan-an ń tan èèyàn jẹ. RTX 4060 wà, RTX 4070 wà. Ọmọ ń du 4070 torí pé nọ́ńbà rẹ̀ ga. Injiníà ní nínú láptọ́ọ̀pù, gígábáìtì mẹ́jọ náà ni ìrántí àwọn méjèèjì. Ó ní kó béèrè wáàtì tí ẹ̀rọ náà yóò máa fún GPU jẹ, nítorí 4060 tí wọ́n ń fún ní wáàtì 35 àti èyí tí wọ́n ń fún ní 115 kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá. Èyí tó ń jẹun púpọ̀ á gbóná, nítorí náà kó má yan pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́; kó mú èyí tó sanra díẹ̀, tí fáànù rẹ̀ tóbi. Ẹ ṣáà mọ eruku ọyẹ́ ìlú wa.

Iná tó ń ṣẹ́jú lábẹ́ bọ́tìnnì ńkọ́? Ìyá Elélùbọ́ ló fòfin de ìyẹn. Ó ní ọmọkùnrin tó gbé láptọ́ọ̀pù lásán, àwọn ọlọ́pàá kan ti ń pè é ní ọmọ Yàhúù, oníjìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣé èyí tó ń tàn yòò ni kò ní kó bá òun? Ó ní ṣé a ò rí ìwà ọlọ́pàá tó gbé àwọn ọ̀dọ́ jáde wọ́de ní 2020 ni. Mo fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi àti ẹ̀ ò tíì parí ìjà ọmọrí ìkòkò mi.

Nígbà tí láptọ́ọ̀pù dé, ṣájà 230 wáàtì ló bá a wá. Bó bá gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí mẹ́rin, yúníìtì iná kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ nìyẹn. Àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ní iná tiwọn ń pẹ́ jù, ń san ju ₦200 lọ lórí ẹyọ kan. Ìdí nìyẹn tí bàbá rẹ̀ fi ń yọ ọ́ lára iná. Bátìrì rẹ̀ sì rèé, 99 wákàtí-wáàtì, nítorí bó bá ju 100 lọ, ẹni tó ń bá wọn gbé e bọ̀ nínú bàálù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè. Lórí bátìrì, géèmù a máa wọ́, torí GPU ò rí oúnjẹ jẹ dáadáa. Fídíò nìkan ló ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìyẹn ló gbà wá ní 26 oṣù Kẹsàn-án 2025, tí Ọba Rashidi Ladoja gorí ìtẹ́ Olúbàdàn ní Mápó. Àwa tí orúnkún ò jẹ́ ká gun òkè, yàrá ọmọ yìí la kún. NEPA mú iná lọ, àwòrán ò mì. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tó ta RAM mẹ́jọ-mẹ́jọ, tó ra 16 méjì. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún, RAM ti gbówó lórí káàkiri ayé, àwọn oníṣẹ́ AI ń rà á bí ẹni máa jẹ ẹ́. Injiníà ń rìn bí àlùfáà tí àdúrà rẹ̀ gbà.

Bọ́ọ̀lù ṣì ń lọ lóru, mo ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó ṣe àwòrán kan fún ìyá rẹ̀, iṣu ń jó, ó ń jó títí ó fi di èlùbọ́. Ó wà lórí WhatsApp, oníbàárà ń wọ́ wá láti Lábó. Mo ní kó bá mi ṣe ti ọ̀jọ̀jọ̀ tèmi, ó ní kí n mówó wá. Èmi! Èmi tí mo mọ iye òru tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù! Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti gba nọ́ńbà àǹtí rẹ̀.