Ìbẹ̀rù Ló Ń Dín Sílíńdà

Àwa tí a ń fọwọ́ ara wa kan bàlúù nínú gáréèjì, a kì í ṣe ojo. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kan bàlúù RV, tó sì gbà láti jókòó sínú ohun tó kàn, ẹ bá mi mú un dé iwájú nọ́ọ̀bù pupa tí a fi ń wọn epo tó ń pò mọ́ afẹ́fẹ́: ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n bíi tolè. Tèmi ni pé ìbẹ̀rù yìí gan-an ló ń dín sílíńdà wa. Bí a bá ń fa nọ́ọ̀bù náà díẹ̀díẹ̀, epo á máa dín kù, ooru èéfín á máa gòkè títí á fi dé ṣóńṣó. Bí a bá fà á kọjá ibẹ̀, ooru náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Àmọ́ orí sílíńdà, tí ilé iṣẹ́ Lycoming fi 500 dígírì Fahrenheit ṣe òpin ooru fún lára ẹ́ńjìnnì O-320 wọn, kì í dúró de ṣóńṣó yẹn. Ìgbà tí ooru èéfín bá ku nǹkan bíi 50 dígírì kó dé ṣóńṣó, tí epo ṣì pọ̀ díẹ̀, ni òun máa ń gbóná jù. Ẹ wá wo ọgbọ́n wa: a fà á, géèjì èéfín sáré lọ sókè, àyà wa já, a dá epo díẹ̀ padà kó lè tutù, a sì pàgọ́ síbi tó gbóná jù lọ. Bí a bá balẹ̀ tán, a ó máa ṣakọ pé a mọ ẹ́ńjìnnì tọ́jú.

Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1944, Charles Lindbergh, gbajúmọ̀ awakọ̀ bàlúù nì, kọ́ àwọn awakọ̀ bàlúù ogun P-38 ní Pàsífíìkì láti dín yíyí ẹ́ńjìnnì àti epo kù. Ẹ̀rù bà wọ́n pé ẹ́ńjìnnì yóò jóná, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n ń fò jìnnà sí i. Ẹlòmíràn á ní, "Tèmi máa ń gbọ̀n tí mo bá dín epo kù." Òótọ́ ni: kábúrétọ̀ kì í pín epo dọ́gba, sílíńdà kan lè ti kọjá ṣóńṣó kí èkejì tó dé ibẹ̀. Ẹni tó sì ní géèjì kan fún sílíńdà mẹ́rin, ìròyìn ọ̀kan ló gbọ́, òfófó ló ń ṣe nípa mẹ́ta yòókù. Nígbà tí bàlúù bá ń gbéra, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn: kí epo kún dáadáa. Ẹ̀yìn ìgbà tí agbára ẹ́ńjìnnì bá ti rọ̀ sí ìdá márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kò tó bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń fi epo wo àìsàn afẹ́fẹ́. Iwájú ni afẹ́fẹ́ tútù ń gbà wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ gba àárín ìyẹ́ irin ara sílíńdà kọjá sísàlẹ̀. Bí páànù tó ń darí rẹ̀ bá lanu, tàbí rọ́bà etí páànù náà ká kò, afẹ́fẹ́ á gba ibòmíràn lọ. Iná tọ́ọ̀ṣì lásán á fi ihò náà hàn. Rárá o, nọ́ọ̀bù ni wọ́n á máa yí, tí wọ́n á máa da epo olówó gọbọi sídìí ihò tí sílíkónì bíńtín lè dí.