Òfin Ò Béèrè Èjìká

Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Ìdí agbada àkàrà mi ni mo jókòó sí tí ọ̀rọ̀ fi wá bá mi. Mi ò yọ́ lọ fetí lé ògiri ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ra àkàrà igba náírà, tó wá dúró sọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún náírà, ṣé kí n fi òwú dí etí ni?

Bàbá Ọdẹ ni mo ń wí, ẹni tí ìloro rẹ̀ dojú kọ mí níbí ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ọdún kẹta rèé tí làkúrègbé ti wọ èjìká ọ̀tún rẹ̀ bí ayálégbé tí kì í san owó ilé. Bó bá ń ṣe àlùwàlá ìdájí, ọwọ́ òsì ló fi ń ti ọwọ́ ọ̀tún lọ sókè, bí ẹni ń ti ọ̀kadà tó bàjẹ́ gun òkè. Bó bá dé ibi etí, á dúró, á mí kanlẹ̀, á tún máa tì í lọ. Dókítà kan ní Ṣakí yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní oríkèé ló ti jẹ, ó fún un lóògùn, ó ní kó má gbé ẹrù, kí ohunkóhun má sì gbá èjìká ọ̀hún mọ́. Bàbá ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ fún dókítà pé ọdẹ lòun. Àgbẹ̀ ló ní òun ń ṣe. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin!

Torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di ṣakabùlà mú rí ẹ mọ ìwà rẹ̀. Bó ti ń lé ọta síwájú ló ń ti ẹni tó dì í mú sẹ́yìn. Ẹni tí èjìká rẹ̀ le, ó dà bí ìgbà tí ọ̀rẹ́ gbá a lẹ́yìn lójúde ìyàwó. Ẹni tí làkúrègbé wà léjìká rẹ̀ ńkọ́? Alẹ́ ọjọ́ kan báyìí, Bàbá rí ọ̀yà létí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó yìnbọn. Ọ̀yà sá wọ igbó, Bàbá jókòó sáàárín ebè. Kò fẹ́ jókòó, ìbọn ló fún un níjòókòó. Nígbà tó dé ilé, ó ní kùkùté ló gbé òun ṣubú. Kùkùté wo? Oko tí wọ́n ti fi katakata tú láti èṣí! Bẹ́ẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Ìyàwó rẹ̀ ti wá bá mi, ó ní "Ìyá Alákàrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá òrí díẹ̀," mo bá mọ ibi tí kùkùté náà wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òrí yìí ná. Òrí tí wọ́n ń tà nínú ike kékeré lókè òkun, tí wọ́n ti fọ òórùn rẹ̀ kúrò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tàn yín. Èyí tí a fọwọ́ pò níbí, tí a ṣa èso rẹ̀ lábẹ́ igi nígbà òjò, tí a pa, tí a yan, tí a lọ̀, tí a fi omi pò títí apá fi kú, ìyẹn ni òrí. Ó ń rùn, bẹ́ẹ̀ ni. Àgbàlagbà tí kò rùn òrí nígbà ọyẹ́, ara rẹ̀ á ya bí èèpo igi. Mo fún Ìyàwó ní ẹ̀kún ife kan. Kò tíì san owó rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ má bá mi béèrè.

Kí ló dé tí Bàbá ò fi gbé ìbọn kọ́gi? Èmi náà bi í. Ó ní ọ̀bọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé igbó ìjọba súnmọ́ wa, èyí tí wọ́n sọ di ọgbà ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 1991. Ẹranko inú ibẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn, àwọn rénjà ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bọ ò mọ ààlà, kò sì ka pátákó. Á jáde, á jẹ àgbàdo, á padà sílé ìjọba lọ sùn. Ọ̀rọ̀ ọ̀bọ yìí jẹ́ òótọ́. Òótọ́ kejì tí Bàbá ò sọ ni pé lọ́jọ́ ìpàdé àwọn ọdẹ, ẹni tí kò gbé ìbọn dání mọ́, ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi í sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń pín obì.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìbọn tí kì í gbáni. Gbogbo agbo ilé ló sì fẹ́ bá a yàn án.

Ìpè kan wọlé láti Amẹ́ríkà. Ọmọ àbúrò Bàbá wà ní Texas, WhatsApp ni wọ́n sì fi ń sọ̀rọ̀, èyí tí Bàbá máa ń tan ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo ìlú lè mọ̀ pé òkè òkun ń pè é. Ọmọ náà ní ẹnì kan níbi iṣẹ́ òun ní àìsàn ọkàn, wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ awọ àyà rẹ̀ lápá òsì, ẹ̀rọ tó ń rán ọkàn létí pé kó máa lù. Dókítà ní bí kò bá lè fi ọdẹ sílẹ̀, kó yáa gbé ìdí ìbọn kúrò lápá ibi tí ẹ̀rọ wà, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi apá kejì yìn ín. Ọkùnrin náà wá ra kábáìnì, ìbọn kúkúrú kan tó ń jẹ ọta ìbọn ìléwọ́, 9mm. Ó ní gbígbá rẹ̀ dà bí ìgbà tí ọmọ ìkókó bá fẹsẹ̀ ta èèyàn nígbàáyà. Bàbá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń pe orúkọ náà jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń pe orúkọ àfẹ́sọ́nà: kábáìnì.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kábáìnì ti dé ilé kanga. Ìyá Elélùbọ́ ní òun mọ̀ ọ́n, pé òun làwọn ọdẹ ń bu omi sí nínú àtùpà orí wọn láyé àtijọ́. A ní kábáàdì nìyẹn. Ó ní kò burú, àbúrò rẹ̀ ni.

Tíṣà ló ba nǹkan jẹ́. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, kò sì rí ọmọ kọ́ mọ́, àwa ló ń kọ́. Ó jókòó sórí àga mi, ó mú àkàrà mẹ́ta (ó san ti méjì), ó ní òfin ìbọn ilẹ̀ wa, ti ọdún 1959, pín ìbọn sọ́nà mẹ́ta. Nínú àkọ́kọ́ ni àwọn ìbọn tí ará ìlú ò gbọdọ̀ ní wà, àwọn ìbọn ológun: ti 7.62, ti .303, àti 9mm tí Bàbá ń fi orúkọ rẹ̀ kọrin yẹn gan-an. Ìkejì ni ìbọn ọdẹ alọ́ta, bí ẹlẹ́nu méjì, tí èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Nínú ìkẹta ni ṣakabùlà tí à ń kì láti ẹnu wà, òun náà níwèé tirẹ̀.

Bàbá ní, "Tíṣà, ṣé ìbọn alọ́ta tó ń ki ara rẹ̀ kò sí ni? Mo gbọ́ pé ìyẹn náà ń rọ̀."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní lóòótọ́ ni, ìbọn tó ń fi agbára ọta kan ki ìkejì máa ń fún èjìká ní ìsinmi díẹ̀, torí kì í jẹ́ kí gbogbo agbára yẹn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dì í mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ara aláìsàn fi ń fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n òfin ti yọ ọ́ kúrò nínú ìkejì: ìbọn ọdẹ tó bá ń ki ara rẹ̀, tàbí tó ní ẹ̀rọ tí ń kì í, kò sí nínú ohun tí wọ́n máa fún ará ìlú níwèé. Ohun tó rọ̀ léjìká le lọ́wọ́ òfin.

Bàbá wá béèrè bóyá wọn ò yọ̀ǹda fún aláìsàn. Ibí yìí ni mo ti fi ṣíbí sílẹ̀, torí mo fẹ́ gbọ́. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. Ó ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 17, wọn ò ní fún un. Ẹni tí orí rẹ̀ ò pé, wọn ò ní fún un. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa, wọn ò ní fún un. Ẹni tó bá hùwà ipá tí ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kó gbàgbé ẹ̀. Ẹni tí ọtí bá ń tì...

Nígbà tó dé ibi ọtí, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wo èèrà nílẹ̀. Ìgò kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ o. Ó ní àgbo ni.

"Èjìká ńkọ́?" èmi ni mo béèrè.

"Òfin ò béèrè èjìká," Tíṣà dáhùn.

Ó wá ku ẹlẹ́nu méjì tó níwèé. Àríyànjiyàn ọjọ́ yẹn, ẹ̀ bá wà níbẹ̀! Alágbẹ̀dẹ ní olójú 20 rọ̀ ju olójú 12 lọ. Ìyá Elélùbọ́ ní irọ́ ni, pé ní ọjà wo ni 20 ti kéré sí 12? Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Tíṣà ní láyé ọjọ́un, òjé ìwọ̀n pọ́n-ùn kan ni wọ́n ń pín sí ọta roboto, iye ọta tó bá sì jáde nínú rẹ̀ ni iye ojú ìbọn. Kò yé ẹnikẹ́ni. Mo ní, ẹ wò ó, bí mo bá fi kóńgò ẹ̀wà kan din àkàrà 12, ẹ ó fi ọwọ́ méjì gbé e. Bí mo bá fi kóńgò kan náà din 20, ẹ ó máa bú mi. Èwo ló tóbi? Wọ́n dákẹ́. Ọta kékeré, ìgbáni kékeré. Èmi tí mo fi ìwé kẹfà sílẹ̀ o.

Ṣùgbọ́n owó ẹlẹ́nu méjì kò sí lọ́wọ́ Bàbá, a ò sì lè fi làkúrègbé dúró fún owó.

Tíṣà kò tíì lọ, torí àkàrà kẹrin ń jinná. Ó ní kí a má rò pé ìbọn kúkúrú ló ń rọni léjìká. Ó ní bí èèyàn bá fò láti inú ọkọ̀ ojú omi fífúyẹ́ sí èbúté Odò Ògùn, ọkọ̀ náà á fò sẹ́yìn; bó bá wúwo, á kàn mì ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìbọn rí: bó ti fúyẹ́ tó ló ti ń gbáni tó. Ó mẹ́nu ba ogun Kírìjì, 1877 sí 1893, tí àwọn Èkìtì Parapọ̀ gba ìbọn tí à ń kì láti ìdí láti Èkó. Bí àwọn ọkùnrin tó wà nídìí agbada mi ṣe gbọ́ "ogun", gbogbo wọn bá dìde dúró, oníkálùkù ń sọ ohun tí baba ńlá rẹ̀ ṣe ní Kírìjì. Baba ńlá ẹni mẹ́ta ló pa ọ̀tá kan náà. Láàárín ariwo yẹn ni Tíṣà sọ pé lásìkò yẹn, ìbọn tí ọmọ ogun Òyìnbó ń lò, Martini-Henry, máa ń da èjìká wọn láàmú. Nígbà tí wọ́n wá gé e kúrú sí kábáìnì fún àwọn ẹlẹ́ṣin, wọ́n rí i pé yóò burú jù, wọ́n bá dín ẹ̀tù inú ọta rẹ̀ láti 85 gíréènì sí 70, wọ́n sì dín òjé rẹ̀ kù.

Kò sí ọkùnrin kan tó gbọ́. Ìyàwó tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn mi ló gbọ́. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó dúró.

Ẹ̀tù kẹ̀, ó ti dá wàhálà sílẹ̀ nílé yẹn rí. Bàbá ní obì lẹ́nu, ó rán ọmọ kan pé kó lọ gba ẹ̀tù wá; ọmọ lọ gbé ẹtù wá láti inú àgò, ẹyẹ náà ń ké kiri ìloro. Àna rẹ̀ tó wá láti Ìṣẹ́yìn ní òun rò pé aṣọ òkè ẹtù ni wọ́n ń wí, òun ti ń ṣírò iye tí òun máa pè é. Wọ́n pa ẹyẹ náà jẹ ṣá.

Ìwọ̀n ẹ̀tù tí Bàbá ń lò, orí ìwo ẹtu kan ni, tí baba rẹ̀ gé, ó ń fi okùn so ó mọ́ àdó. Ẹ̀kún rẹ̀ ni baba rẹ̀ ń dà, ẹ̀kún rẹ̀ lòun náà ń dà láti ìgbà èwe. Alágbẹ̀dẹ ti sọ fún un pé kó dà á dé ààbọ̀. Ha! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e jáde. "Ìwọ̀n baba mi? Kí n máa da ẹ̀tù bí ọmọdé?" Ohun tó gbà kò ju kí wọ́n gé àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì kan, kí wọ́n kàn án mọ́ ìdí ìbọn. Sílípáàsì aláwọ̀ búlúù. Ó ń jọ ìbọn tó fẹ́ lọ wẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, Ìyàwó wá yá ẹyin iná lọ́wọ́ mi. Ó di nǹkan mọ́ ìgbátí aṣọ. Mo ní kí ló fẹ́ fi iná ṣe lágogo mẹ́wàá alẹ́. Ó wò mí, mo wò ó. Ó tú ìgbátí: ìda oyin kan, tó tó ọmọ àyò mẹ́ta, àti ìwo kékeré ọ̀hún. A jọ yọ́ ìda náà nínú ṣíbí tí mo fi ń bu iyọ̀. A dà á sí ìsàlẹ̀ ìwo, a jẹ́ kó dì, a fi eérú pa á lójú kó má dán. Bí ẹ bá wo inú rẹ̀, ìwo lásán ni.

Láti ìgbà náà, Bàbá ń da ẹ̀kún ìwọ̀n baba rẹ̀, ó sì ń fi ìka nù ún létí kó lè tẹ́. Ó ti pa ọ̀yà méjì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní kò jìnnà sí wọn ni. Ó wá bá mi níjẹta, ó ra àkàrà, ó na apá ọ̀tún gba ṣéńjì rẹ̀, ó ní, "Ìyá Alákàrà, ṣé o rí sílípáàsì yẹn? Orí mi ló sọ ọ́ sí mi." Mo ní, "Ẹ kú orí ire, Bàbá." Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ agbada, mo ń fẹ́ iná tí kò kú.

Ó ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní èéfín ni.

Ìyàwó tún yọjú lánàá. Oòrùn àwọn ọjọ́ yìí ti pọ̀ jù, ẹ̀rù ń bà á pé ìda lè yọ́ lọ́rùn àdó. Ó ní ṣé mo ṣì ní ẹyin iná. Mo ní mo ní, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ san owó òrí mi.