Kòkòrò Inú Ẹ̀rọ

Àwọn àgbà ní àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ti Yunifásítì Harvard ṣe méjèèjì. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, 1947, àfòpiná kan há sínú kọ̀ǹpútà Mark II, ó kú, ẹ̀rọ sì dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n yọ òkú rẹ̀, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́wèé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kòkòrò gidi làwọn rí lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀fẹ̀ ni o! Láti 1878 ni Thomas Edison ti ń pe àléébù ẹ̀rọ ní kòkòrò. Ìwé náà ṣì wà ní mùsíọ́ọ̀mù ní Washington, tòun tòkú.

Kòkòrò ẹ̀rọ ò tíì tán nílẹ̀: ẹ wá wo oríta Gbọ̀ngán. Ọ̀gá kan ti jẹ dòdò Ìkirè tán, ata ṣì ń ta á lẹ́nu. Owó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, álẹ́ẹ̀tì ò dé ọ̀dọ̀ ìyá oní-dòdò.

“Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mà.”

“Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọmọ ta ni?”

“Bánkì ní ká ní sùúrù.”

Ìyá ní kò burú, òun ní sùúrù dáadáa. Kí ọ̀gá ṣáà bọ́ fìlà yẹn sílẹ̀ ná.