Ìlú Wo Gan-an Ni Mò Ń Gbé?

Ẹ gbà mí o! Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé Middleton, síbẹ̀ n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ ìlú tí mò ń gbé.

Rochdale ni ìwé owó orí káńsù ti máa ń wá bá mi. Àdírẹ́sì tó wà lára àpò ìwé náà ní Manchester ni mo wà, torí M24 ni póstíkóòdù wa. Rochdale fúnra rẹ̀ kò sàn jù mí lọ: OL ló bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, Oldham ló sì ni lẹ́tà méjèèjì yẹn. Bí mo bá wá bi bàbá aládùúgbò mi, òyìnbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, yóò fọ̀pá lu ilẹ̀: "Lancashire nibí! Ta ló sọ Manchester fún ọ?" Ilé kan ṣoṣo, ìlú mẹ́rin!

Mo tọpinpin ọ̀rọ̀ náà títí mo fi mọ ẹni tó dá mi lágara. Rochdale ti ní káńsù tirẹ̀ láti 1856. Owó òwú pọ̀ lọ́wọ́ wọn nígbà náà, ni wọ́n bá kọ́ gbọ̀ngàn ìlú tí wọ́n ṣí ní 1871. Wọ́n ní £20,000 ni yóò ná àwọn. Kí iṣẹ́ tó parí, ó ti lé ní £150,000. Ní 1883, iná tún jó ṣóńṣó onígi tó wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé kọngílá ilé wa nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ gbọ́?

Heywood gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 1881, Middleton wa gbà á ní 1886. Littleborough, Milnrow àti Wardle náà ń ṣe káńsù kékeré tiwọn. Kálukú ń jẹ lábọ́ rẹ̀. Àfi bí àwọn aṣòfin ní London ṣe ṣe òfin ní 1972, tí wọ́n sì da mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1974, ọjọ́ tí àwọn òyìnbó fi ń tan ara wọn jẹ! Orúkọ ìyáálé ni wọ́n fi ń pe gbogbo agbo ilé.

Bẹ́ẹ̀, ní Rochdale yìí kan náà, ènìyàn 28 ti dáwó jọ ní 1844, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù alájẹṣẹ́kù tí ayé ń wò kọ́ṣe. Àwọn yẹn fẹsẹ̀ ara wọn wọ ẹgbẹ́ ni. Ta ló bi Middleton?

Káńsù àgbà Greater Manchester tí wọ́n gbé lé Rochdale lórí kò ju ọdún 12 lọ kí ìjọba Thatcher tó tú u ká ní 1986. Orúkọ rẹ̀ kọ̀, kò kú. Ní 2011, wọ́n tún gbé aláṣẹ tuntun jókòó sórí orúkọ náà.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo ní, "Bàbá, ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ! Ẹ gbàgbé Lancashire!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ńkọ́? Níbo ni wọ́n bí ọ sí?"

"Iléṣà ni."

"Ìpínlẹ̀ wo nìyẹn?"

Háà! Western State ni nígbà tí wọ́n bí mi. Ní 1976 tí mo wọ iléèwé, ó ti di Ọ̀yọ́. Ní 1991 tí mò ń wáṣẹ́, ó di Ọ̀ṣun. Iléṣà kò yẹsẹ̀ kúrò lójú kan, wọ́n tún là á sí ìjọba ìbílẹ̀ méjì.

Mo pariwo: "Ìjẹ̀ṣà ni mí!"

Bàbá kàn ń wò mí. Wọn ò fèsì.

Látọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí níbi tí mò ń gbé, Middleton ni. Bó bá ní, "Manchester, àbí?" inú á bí mi bí ẹni tí wọ́n bí sí Lancashire. Àmọ́ Rochdale ṣì ni mò ń sanwó fún.